Paras Khadka

Paras Khadka (a bí i ní 1987) ni agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì tó ṣe balógun ikọ̀ Nepal láti 2009 sí 2019. Ipò aṣíwájú ló sọ ọ́ di ẹni ìtàn ju iye ayò tó gbà lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni Nepal kọ́kọ́ dé ìdíje àgbáyé Twenty20, ní Bangladesh ní 2014, tí wọ́n sì na Hong Kong àti Afghanistan. Ní 2018, wọ́n gba ẹ̀tọ́ láti máa gbá ìdíje ọlọ́jọ́ kan láàárín orílẹ̀-èdè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé ti fòfin de àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì Nepal láti 2016.

Àwọn kan lè sọ pé ìdíje ọlọ́jọ́ kan 10 péré ló gbá, àti pé Sandeep Lamichhane, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ikọ̀ Nepal, lókìkí jù ú lọ nílẹ̀ òkèèrè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àǹfààní láti gbá ìdíje ọlọ́jọ́ kan ló pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, Khadka ni ọmọ Nepal àkọ́kọ́ tó gba ayò tó lé ní 100 nínú ìdíje ọlọ́jọ́ kan àti nínú Twenty20: 115 nígbà tí wọ́n kojú United Arab Emirates, àti 106 nígbà tí wọ́n kojú Singapore, ní 2019 kan náà. Ó fẹ̀yìn tì ní 2021.