Ìjì Láàárín Àgbá Epo: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọn Onímọ̀, Láti Òṣòdì

Ẹni tó bá ń tajà ní Bọ́ládé, Òṣòdì, mọ̀ pé ìjì àkọ́rọ̀ òjò kì í kanlẹ̀kùn. Ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá. Eruku á ṣáájú, òjò á tẹ̀ lé e. Ó lè gbé táǹkì omi oníke tó ṣófo kúrò lórí òrùlé kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó balẹ̀. Àgbá onírin ràgàjì tí wọ́n ń rọ epo sí ní ibùdó ìpamọ́ epo (dípò) Èjìgbò, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kan náà, kò ní fò bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni ìjì ń gbà mú un.

Bí afẹ́fẹ́ bá kọlu ohun roboto, iwájú nìkan ló ń tì. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ńkọ́, fífà ló ń fà wọ́n síta. Ìjì tó ń sá 20 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń fi nǹkan bíi 240 Newton ti mítà kan níbùú lóròó. Bí eré náà bá di 40, agbára rẹ̀ á di 960. Ara tó ń gbà á sì fẹ́lẹ́: fún àgbá tó fẹ̀ tó 30 mítà, ìlànà API 650 ti Amẹ́ríkà gbà kí irin òkè ògiri rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 6 péré. Epo tó bá wà nínú rẹ̀ ló ń bá irin náà dúró. Àgbá òfìfo tí à ń bú pé ó ń pariwo, òun náà ló kọ́kọ́ ń tẹ̀ wọnú. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi òrùka irin dè é lókè.

Wàyí o, àgbá kì í dá gbé. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí nìkan ní 177. Ojú lásán á ní ti iwájú á gba ìjì fún ti ẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ferrybridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já irọ́ yìí ní 1 Oṣù Kọkànlá, 1965: ilé gogoro mẹ́jọ tó ń tu omi lára, tí gíga wọn lé ní 110 mítà, dúró ní ìlà méjì, ìjì wó mẹ́ta, ìlà ẹ̀yìn sì ni àwọn tó wó wà. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ti dán wò nínú afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó kọ́ gbogbo wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn onímọ̀, Macdonald, Kwok àti Holmes ní Ọsirélíà, àti Portela pẹ̀lú Godoy ní Puerto Rico, wá to àwòṣe àgbá pọ̀ láti wọn ìjì lára wọn. Àlàfo tóóró ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra, eré rẹ̀ á pọ̀ sí i, fífà á le. Bí àgbá kan bá ga ju èkejì lọ, ibi tí ìjì ti ń tẹ̀ ẹ́ á yí padà.

Àríwísí mi ni pé afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ déédéé ni ọ̀pọ̀ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń lò. Ìjì tiwa ń já láti inú ìkùukùu ni, ó sì máa ń le jù nítòsí ilẹ̀. Ẹ̀yin alábòójútó dípò, kí Oṣù Ẹrẹ́nà tó wọlé, ẹ má fi àgbá kankan sílẹ̀ lófìfo, ì báà wà ní ìlà iwájú tàbí ti ẹ̀yìn. Bí kò bá sí epo, ẹ rọ omi sí i.