Ẹ̀kọ́ Tó Yéni àti Ẹ̀rọ Tó Ń Dáhùn

Ẹ̀yin òbí, àwọn ọmọ wa ti ń bèèrè pé kí ni àwọn tún ń kàwé sí, nígbà tí ẹ̀rọ bíi ChatGPT, tó jáde lọ́dún 2022, ń dáhùn ìbéèrè wọn wàrà-wàrà.

Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6 gbáko. Wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yìí ta àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3 yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀! (Àwa kan sì ti pa Yorùbá tì nílé nítorí kí ọmọ lè mọ̀wé.) Wọn kò há ọ̀rọ̀ sórí bí ayékòótọ́; ohun tí tíṣà ń sọ yé wọn.

Ẹ̀rọ máa ń ṣìṣe láìmira. Lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tiwa, ẹni tí kò lè ṣírò ìwọ̀n oògùn fúnra rẹ̀ kò ní mọ̀ bí kọ̀ǹpútà bá ṣì í. Bí ọmọ yín bá gba ìdáhùn lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ẹ ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, bí Yorùbá ọ̀hún kò bá tilẹ̀ dán mọ́rán.