Ilé-Ẹ̀kọ́ Tuntun, Ààlà Tuntun: Ohun tí 1955 àti 1980 Kọ́ Wa

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tuntun tí gbogbo wa ń dáwó sí ti dé ibi òrùlé. Ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti rí i lórí gúrúùpù wa pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní bílọ́ọ̀kù àti páànù báyìí. Ohun tí a ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́ ni pé, ọmọ ta ni yóò kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ lọ sí tuntun? Àwọn kan ní kí òbí kálukú mú èyí tó bá wù ú. Àwọn kan ní odò ni kí á fi ṣe ààlà. Àwọn mìíràn ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tí bàbá àwọn lọ ni ọmọ àwọn náà máa lọ, kò sẹ́ni tó lè yí i padà.

Kí á tó máa bínú síra wa, ẹ jẹ́ ká bojú wẹ̀yìn díẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé bá àwọn bàbá wa ní 1955. Ó tún dé lẹ́yìn 1979, lójú ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ibi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa wà, ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀ náà sì wà.

Nígbà tí ìjọ jẹ́ ààlà

Kí ó tó di 1955, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n fi ibi tí ilé ọmọ wà pinnu ilé-ẹ̀kọ́ tó máa lọ. Àwọn ìjọ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́: Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi, Àgùdà. Ọmọ Onítẹ̀bọmi á lọ sí ti Onítẹ̀bọmi, ọmọ Àgùdà á lọ sí ti Àgùdà, kódà bí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ mìíràn bá wà lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tí ẹ̀rù ń bà pé ọmọ àwọn á yí ẹ̀sìn padà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ tiwọn. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, wà lára àwọn tó mú iṣẹ́ náà ní òkúnkúndùn.

Ọmọ inú oko ńkọ́? Bí kò bá ní ẹbí tó lè gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígboro, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì lè rin ọ̀nà jíjìn láràárọ̀, oko bàbá rẹ̀ ló máa bá lọ. Bí bàbá rẹ̀ ò bá sì lówó ilé-ẹ̀kọ́, ó parí. Ẹ ò wá rí i pé ààlà ti wà tipẹ́? Orí ẹ̀sìn, orí ọ̀nà àti orí àpò òbí ni wọ́n fà á sí.

Oṣù Kìn-ín-ní 1955

Ní oṣù Keje 1952, Olóyè S. O. Awókòyà, tó jẹ́ Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn n'Íbàdàn. Ìjọba tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ tẹ̀ lé e, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1955. Wọ́n dín ọdún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù láti mẹ́jọ sí mẹ́fà.

Ẹ gbọ́ iye ọmọ tó jáde. Ní 1954, ọmọ 456,600 ló wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Ọmọ tó lé ní 350,000 ni wọ́n fi pọ̀ sí i láàárín ọdún kan ṣoṣo! Àwọn àgbà ilé wa á rántí bí wọ́n ṣe ń yẹ ọmọ wò. Kò sí ìwé ọjọ́-ìbí lọ́wọ́ ẹnì kankan, ọmọ á gbé ọwọ́ gba orí kọjá, bí ìka rẹ̀ bá kan etí kejì, ó tó lọ ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Níbo ni wọ́n máa kó irú èrò bẹ́ẹ̀ sí? Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ nìkan ò lè gbà wọ́n. Ìyẹn ló jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ kánsù, tí àwọn èèyàn ń pè ní L.A., pọ̀ nígboro àti lábúlé. Ilé-ẹ̀kọ́ kánsù kì í bi ọmọ léèrè ìjọ tó ń lọ. Ẹni tó bá ti ń gbé nítòsí, ó di tirẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí dùn sí i. Ọmọ inú oko náà rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àdúgbò rọ́pò ìjọ gẹ́gẹ́ bí ààlà.

Ṣùgbọ́n ìjà ò tán. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́dọ̀ tirẹ̀. Bí abúlé mẹ́ta bá ń jà sí ibi tí wọ́n máa kọ́ ọ sí, agbede méjì ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ. Ẹ̀yin náà ti rí irú rẹ̀ rí: ilé-ẹ̀kọ́ kan á dá dúró láàárín oko, kò sí ilé kankan nítòsí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìtàn á rò pé wọ́n ṣìnà ni, bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n àgbà ló wà níbẹ̀. Kò sí ọmọ abúlé tó sún mọ́ ọn jù, kò sí èyí tó jìnnà sí i jù, kò sì sí báálẹ̀ tó lè sọ pé tòun nìkan ni.

Ibi tí 1955 ti kọsẹ̀ ni ti tíṣà. Ilé tuntun pọ̀, ọmọ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tíṣà tí wọ́n gbà kò tíì kọ́ṣẹ́. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́. Nítorí náà, òbí tó bá lágbára á gbé ọmọ rẹ̀ kọjá ilé-ẹ̀kọ́ tuntun tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á mú un lọ sí èyí tó lórúkọ. Ọmọ tálákà ló kù sí tuntun.

Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, 1979 sí 1983

Nígbà tí Alhaji Lateef Jákàńdè di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1979, ọmọ àárọ̀ àti ọmọ ọ̀sán ló jọ ń lo ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Bí àwọn kan bá ń jáde, àwọn kan á máa wọlé. Jákàńdè ní àfi kí ìyẹn dópin. Wọ́n kọ́ kíláàsì kíákíá, ilé gbọọrọ, kúkúrú, tí kò ná wọn lówó púpọ̀. Àwọn alátakò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìyẹ ni. Ọmọ jókòó síbẹ̀, ó kàwé, ètò ọ̀sán sì kúrò nílẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ní ọmọ àárọ̀ àti ọmọ ọ̀sán bá fẹ́ pín sí méjì, ta ló máa dúró, ta ló máa lọ? Níbi tí ilẹ̀ ò ti sí, inú ọgbà kan náà ni wọ́n pín wọn sí. Ìdí rèé tí ẹ fi ń rí ilé-ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgbà kan l'Ékòó, tí hẹ́dímásítà kálukú wọn yàtọ̀.

Ní 1980, ìjọba Èkó tún fẹ́ fòpin sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni, kí gbogbo ọmọ lè wà lábẹ́ ètò kan. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Okogie àti àwọn mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò sì kúrò nílẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó lónìí. Bí òbí ò bá fọkàn tán ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ pín ọmọ rẹ̀ sí, tó bá ti lówó lọ́wọ́, á wá ọ̀nà gbà jáde.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan náà dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lábẹ́ Bọ́lá Ìgè, Ògùn lábẹ́ Bísí Ọnàbánjọ, Oǹdó lábẹ́ Adékúnlé Ajáṣin, àti Bendel lábẹ́ Ambrose Alli. Àwọn ìlú fi ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ìlú sì hù káàkiri. Ọmọ tí kì bá ti máa wá owó bọ́dìn kiri wá ń ti ilé ìyá rẹ̀ lọ sí gírámà. Ọ̀pọ̀ wa tó di èèyàn lónìí, ibẹ̀ la gbà. Ṣùgbọ́n níbi tí ìlú méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ ti kọ̀ láti fẹnu kò, kálukú kọ́ tirẹ̀, ọmọ ò sì kún méjèèjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun mọ̀ ọ́n

Ní Topeka, ní Kansas, l'Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ Sumner wà nítòsí ilé Linda Brown. Àmọ́ torí pé ọmọ aláwọ̀ dúdú ni, ó ní láti lọ sí Monroe tó jìnnà jù ú lọ. Ẹjọ́ tí bàbá rẹ̀ àti àwọn òbí mìíràn pè ló di ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 1954, pé kò bófin mu láti fi àwọ̀ pín ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Oṣù mẹ́jọ géérégé lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa.

Kí ẹ má sì rò pé bí a bá ti fi ọ̀nà wọn ààlà, ó ti dọ́gba nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀nà láti ilé yín dé ilé-ẹ̀kọ́, àti bí owó ilé ṣe ń gun òkè ládùúgbò tí ilé-ẹ̀kọ́ tó dára bá wà. Olówó á ra ilé sítòsí, tálákà á jìnnà sí i.

Kí ni ká ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Èkíní, tíṣà ni kí á kọ́kọ́ pín, kí á tó pín ọmọ. Ẹgbẹ́ wa ò lágbára láti gbé tíṣà kiri. Iṣẹ́ àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Kí á lọ bá wọn nísinsìnyí, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́, kí tíṣà tó mọṣẹ́ wà ní méjèèjì láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àìṣe èyí ló ba ti 1955 jẹ́.

Èkejì, ẹsẹ̀ ọmọ ni kí á fi wọn ààlà. Ta ló ń sọdá títì ọlọ́kọ̀? Ta ni odò ń dí lọ́nà nígbà òjò? Kí á fa ààlà níbi tí ewu bá wà, ì báà gba àárín agboolé ńlá kọjá.

Ẹ̀kẹta, kí á má fa ọmọ tu lójijì. Kí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà parí síbi tí wọ́n wà, kí tuntun bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kìn-ín-ní. Kí á má sì pín ọmọ ìyá kan náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí òbí wọn ò bá fẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní gbangba. Kí á fi àwòrán ilẹ̀ han gbogbo àdúgbò ní gbọ̀ngàn ìlú, kí ẹnikẹ́ni má jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kó gbọ́ pé wọ́n ti gbé ọmọ òun lọ. Òfin UBE ti 2004 ti sọ ọ́ di dandan kí ọmọ gba ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni, a ò ṣe é lóore.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ àtijọ́ ló tọ́ àwọn, àwọn ò ní fi í sílẹ̀. Ẹ ṣeun, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó parun. Àmọ́ bí ọmọ ọgọ́rin bá há sínú kíláàsì kan níbẹ̀, tí kíláàsì tuntun sì ṣófo lódìkejì odò, àwọn ọmọ náà la ń fìyà jẹ, owó tí ẹ ti dá á sì ti wọgbó. Ẹni tó bá ní àbá tó dára ju èyí lọ, kó gbé e wá sí ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀, tàbí kó kọ ọ́ sórí gúrúùpù, kí akọ̀wé lè kó gbogbo rẹ̀ jọ.

Ìlú wa á gòkè o. Àṣẹ.