Ohun Tí Òkun Kò Tíì Gbé Lọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilẹ̀ Ìlàjẹ dáadáa, kí ó má dúró sí Ìgbókọ̀dá. Kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, kí ó kọrí sí òkun. Bí ó bá yà sí Àràròmí, yóò rí yanrìn àti igi àgbọn lọ rẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba ìhà Ayétòrò lọ sí ìlà-oòrùn, yanrìn á tán, ẹrẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Inú ẹrẹ̀ yìí ni àwọn baba wọn ri òpó igi mọ́, tí wọ́n kọ́lé lé e, tí wọ́n sì fi pákó ṣe títì láti ojúlé dé ojúlé.

Mo fẹ́ràn ibẹ̀, n ò ní purọ́. Mo fẹ́ràn ohùn wọn. Nínú Yorùbá ilé-ìwé, kò sí ọ̀rọ̀ tó fi “u” bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá kọ “ùlú” dípò “ìlú”, tíṣà á fa ìlà sí i. Bẹ́ẹ̀ ohùn tí wọ́n bí wọn bá nìyẹn. Àní orúkọ Ugbò, ìlú Olúgbò, ń jẹ́rìí sí i. Èdè Ọ̀yọ́ ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Yorùbá ìwé kà jù lọ, títí Bíbélì fi parí ní 1884. Ta ló bi ará etíkun léèrè?

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á wá mọ ọ́n róbótó sórí iná. Èéfín á gbẹ ẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú. Púpurú nìyẹn. Wọ́n á ha dúdú náà kúrò, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rò ó lómi gbígbóná. Ibi tí omi yí ká, tí òjò kì í dá bọ̀rọ̀, oòrùn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Iná ló gbà wọ́n. Ẹ fi ọbẹ̀ ẹja tútù jẹ ẹ́, kí ẹ wá sọ tẹnu yín!

Àwọn àlejò ti rí etíkun yìí, wọ́n sì ti lọ. Ní 1885, Amapetu ti Màhín bá aṣojú ilé-iṣẹ́ Gaiser ti Jámánì tọwọ́ bọ̀wé lórí ilẹ̀ náà. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1947, àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ, àpò kan ni owó wọn. Wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ṣì ń tan àtùpà.

Òkun ti ń jẹ Ayétòrò ọ̀hún báyìí. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé ilé-ẹ̀kọ́, kò dá ibi ìsìnkú sí. Wọ́n ṣèlérí ògiri tí yóò dá omi dúró. Omi ń wọlé, ìlérí ò dé.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́. Kí ni ká wá wí fún ẹni tí kò sọ ilé nù, tó jẹ́ pé omi ló já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ti wà ní Èkó, ní Bàrígà àti Màkókò, létí omi náà ni. Púpurú bá wọn wá. Ohùn wọn ni mò ń bẹ̀rù fún, nítorí àwa ará ìgboro la máa ń fi í rẹ́rìn-ín, ọmọ á tijú, á pa á tì. Òkun kọ́ ló gba ìyẹn. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá pe “ùlú” nínú ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.