Díìsìkì Tí Kì Í Yí, àti Ọjọ́ Tí Ó Gan

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ẹ má rò pé mo fẹ́ yìn ín o, àìsàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ta ni irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí? Èèyàn á jókòó, á máa tẹ lẹ́tà rẹ̀ jẹ́jẹ́, lójijì ni gbogbo nǹkan á dúró gbagidi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún, kò dáhùn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lósì, ó kàn ń wò yín. Àwọn ọmọ ìgboro á ní, "Ó ti háàngì." Ó lè jí padà bí ẹni tó ń tòògbé, ó sì lè má jí mọ́.

Òru ọjọ́ Àìkú kan ni tèmi ṣẹlẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni mo kó ohùn àbúrò bàbá mi obìnrin sí, ẹni tó jókòó tì mí fún ọ̀sán mẹ́rìnlá, tó ń ka ìtàn ìdílé wa fún mi, tó sì ń kì wá, kí ó tó fayé sílẹ̀. N kò ní ẹ̀dà kankan níbòmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bú mi, mo ti bú ara mi tó. Mo gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò wò ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ní, "Daddy, SSD yín ló ti kú. Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀, tí kò bá gbọ́, ẹ ra tuntun." Mo ní, "Ọmọ mi, dúró ná. Ẹni tí o ní ó kú yìí, ṣé o ti fọwọ́ kàn án láyà?" Ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣàwàdà yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń wá ìtàn kiri.

Láyé àtijọ́, díìsìkì máa ń yí ni. Ọdún 1956 ni ilé iṣẹ́ IBM gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, ó tóbi tó fíríìjì méjì tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, síbẹ̀ kò gbà ju lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ohun tó dára nínú èyí tó ń yí ni pé bí ara rẹ̀ kò bá yá, ẹ ó gbọ́: á máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí ẹní ń họ ike. SSD ní tirẹ̀ kì í yí, kì í dún. Ẹnu rẹ̀ dákẹ́ títí ọjọ́ tó bá fi gan.

Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an? Àìmọye yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni. A ń há iná mànàmáná bíńtín mọ́ inú yàrá kọ̀ọ̀kan, bí iná náà bá ti pọ̀ tó ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ohun tí a kọ. Bí NEPA bá mú iná lọ (a kò tíì fi orúkọ yẹn sílẹ̀ lẹ́nu), iná inú yàrá wọ̀nyẹn kò jáde. Dawon Kahng àti Simon Sze ló kọ́kọ́ ṣe irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní Bell Labs lọ́dún 1967. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dov Frohman, ní ilé iṣẹ́ Intel, ń wádìí ìdí tí àwọn chip kan fi ń ṣe ségesège. Ó rí i pé apá kan nínú wọn kò so mọ́ ibi tó yẹ kó so mọ́, iná sì ń há síbẹ̀. Àrùn ló ń wá, ìmọ̀ ló bá pàdé: ní 1971 ó sọ àléébù yẹn di chip tí ń pa nǹkan mọ́, tí a sì ń fi ìmọ́lẹ̀ kan pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ láti ojú fèrèsé kékeré tó wà lórí rẹ̀.

Fujio Masuoka ti ilé iṣẹ́ Toshiba ní Japan ló mú un dé ibi tí a bá a yìí. Ní 1984 ó gbé "flash" síwájú àwọn onímọ̀. Ní 1987 ó tún gbé irú kejì jáde, tí wọ́n ń pè ní NAND, òun ló sì wà nínú SSD àti fóònù wa. Shoji Ariizumi, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé bí ohun inú rẹ̀ ṣe ń parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà rán an létí iná kámẹ́rà tó kọ yẹ̀rì. Ẹ má sì rò pé olówó ni Masuoka dà. Ó fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1994, ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2004, wọ́n sì fi 87 mílíọ̀nù yen parí rẹ̀ ní 2006. Ẹ fi iye yẹn wé iye fóònù tó wà láyé.

Àléébù kan wà níbẹ̀ ṣá. Tipátipá ni iná fi ń gba inú ògiri yàrá wọ̀nyẹn wọlé, tó tún ń gbà á jáde, bí a bá sì ti ń kọ, tí a ń pa á rẹ́, ògiri á máa rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ tó ń darí SSD bá dé ibi tí kò kà dáadáa, á tún un kà, á tún un kà, kọ̀ǹpútà á sì dúró dè é. Ìdúródeni yẹn gan-an la fi ń sọ pé ó háàngì.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá gan kọ́ ló ti gbó. Ẹ gbọ́ ti Spirit. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí NASA rán lọ sí Mars ni, ó balẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní, 2004. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ó ń múra láti yẹ òkúta kan tí wọ́n sọ ní Adirondack wò, ló bá dákẹ́. Òjò ló ń rọ̀ ní Canberra, ní Australia, níbi tí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀, òjò yẹn ni wọ́n sì kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Òjò dá, Spirit kò sọ nǹkan gidi. Nígbà tí wọ́n jàjà gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n rí i pé kò sùn lóru: ó ń pa ara rẹ̀, ó ń tan ara rẹ̀, ó lé ní ìgbà 60, bátìrì sì ń lọ sílẹ̀. Ta ló fẹ́ gun àkàbà lọ yọ díìsìkì lórí Mars? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó débẹ̀.

Àwọn ẹnjiníà wọ̀nyẹn kò sáré fọ́máàtì o. Wọ́n fura sí flash, wọ́n sì dán ìfura náà wò: wọ́n pàṣẹ fún un pé kó dìde láìfọwọ́ kan flash rárá. Ó gbọ́! Ó jí, ó dúró, ó sì sùn bó ti yẹ. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà, síbẹ̀ kò sí ohun tó ṣe flash náà fúnra rẹ̀. Fáìlì ló pọ̀ jù, pàápàá èyí tó ti kó jọ látìgbà tó wà lójú ọ̀nà fún bí oṣù méje. Bó bá ti fẹ́ ka ìwé orúkọ wọn, àyè orí rẹ̀ kò ní gbà á, á sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Wọ́n kó fáìlì kúrò, wọ́n sì wá fọ́máàtì rẹ̀ ní oṣù Kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Iṣẹ́ 90 ọjọ́ ni wọ́n rán Spirit. Oṣù Kẹta ọdún 2010 ni wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn.

Ti inú ayé wa níbí tún wà. Ní 2012, àwọn tó ní SSD kan, Crucial m4, rí i pé bó bá ti pé wákàtí 5,184, kọ̀ǹpútà á gan. Bí wọ́n bá tún un tàn, wákàtí kan péré ni yóò fi ṣiṣẹ́. Òǹkà ló ṣì í kà, àtúnṣe ètò inú rẹ̀ sì wò ó sàn. Èyí tí ilé iṣẹ́ HPE kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2019 burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí àwọn SSD kan bá pé wákàtí 32,768, ìyẹn ọdún mẹ́ta, ọjọ́ 270 àti wákàtí 8, wọ́n kú pátápátá, ohun inú wọn ò sì ṣeé yọ mọ́. Èyí tí wọ́n bá jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà lè jọ kú lọ́jọ́ kan náà, kí ẹni tó rò pé òun fi ẹ̀dà sínú èkejì wá fọwọ́ lérán.

Mo ròyìn gbogbo èyí fún ọmọkùnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Daddy, ẹ ti di ẹnjiníà." Ṣùgbọ́n ó gbọ́. Ó yọ SSD náà, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kò kọ nǹkan kan sí i, kíkà nìkan ló ń kà á. Òru méjì la fi ṣe é. Ó gan nígbà mẹ́fà, ìgbà mẹ́fà náà la sì yọ ọ́, tí a jẹ́ kó sinmi, tí a tún so ó padà. Tirẹ̀ ti gbó lóòótọ́ ní tiẹ̀, ọmọ yẹn kò purọ́. Ọ̀sán méjìlá jáde nínú mẹ́rìnlá. Ìkẹta àti ìkẹsàn-án kò jáde, bẹ́ẹ̀ ìkẹta yẹn ló fi kì ìyá bàbá mi.