Ghana: Ipa wo ni òṣèlú kó nínú ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2022?

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejìlá, ọdún 2022, ìjọba Ghana kéde pé òun dá sísan ọ̀pọ̀ nínú gbèsè tí òun jẹ lókè òkun dúró. Nínú oṣù kan náà, ọ̀wọ́ngógó ọjà dé ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àrùn Kòrónà àti ogun Ukraine dá kún ìṣòro náà, àmọ́ ọwọ́ òṣèlú wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọdún ìdìbò, ọdún ìnáwó

Láti ìgbà tí Ghana ti padà sí ìjọba alágbádá lọ́dún 1993, ẹgbẹ́ NDC àti NPP nìkan ló ń gba ìjọba lọ́wọ́ ara wọn. Bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́, owó oṣù òṣìṣẹ́ a máa lé sí i, iṣẹ́ ojú pópó a bẹ̀rẹ̀, owó orí tuntun a sì di èèwọ̀.

Lọ́dún 2012 àti 2020, tí ìdìbò wáyé, iye tí ìjọba fi náwó ju owó tó wọlé fún un lọ kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè náà pèsè. Ẹ̀yáwó ni wọ́n fi dí àlàfo náà.

Ilé aṣòfin tó pín sí méjì

Nínú ìdìbò ọdún 2020, aṣòfin 137 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, ẹnì kan sì dá dúró. Lẹ́yìn ìdìbò náà, àtifọwọ́ sí òfin owó di ìjàkadì.

Nígbà tí ìjọba gbé owó orí E-Levy kalẹ̀ lórí owó tí ará ìlú ń fi fóònù ránṣẹ́, àwọn aṣòfin wọ̀yá ìjà nínú ilé lóṣù Kejìlá, ọdún 2021. Oṣù Kẹta, ọdún 2022 ni òfin náà tó kọjá. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn ayánilówó òkè òkun ti ń sá fún ìwé gbèsè Ghana.

Ta ló ru ẹrù náà?

Ìjọba ti ń tẹnu mọ́ ọn pé òun kò ní tọ àjọ IMF lọ, àmọ́ lóṣù Keje, ọdún 2022, ó lọ. Bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ni àjọ náà fọwọ́ sí lóṣù Karùn-ún, ọdún 2023.

Kí owó náà tó jáde, ìjọba ní kí àwọn tó ní ìwé gbèsè rẹ̀ nílé gba èlé tó kéré sí i. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ halẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ìjọba sì yọ àpò owó ìfẹ̀yìntì kúrò nínú ètò náà. Àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó fi owó ara wọn ra ìwé náà ní láti lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ ètò ìṣúná ní Accra kí wọ́n tó yọ tiwọn. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ǹjẹ́ òfin lè kó ìjọba níjàánu?

Lọ́dún 2018, Ghana ṣòfin pé àlàfo ìṣúná kò gbọdọ̀ kọjá ìdá márùn-ún. Lọ́dún 2020, wọ́n dá òfin náà dúró nítorí àrùn Kòrónà, nínú ọdún ìdìbò.

NPP pàdánù ìjọba nínú ìdìbò oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ilé aṣòfin sì fagi lé E-Levy lọ́dún 2025. Ọdún 2028 ni ìdìbò mìíràn. Ìgbà náà ni yóò hàn bóyá ìjọba tó wà lórí oyè yóò lè di àpò rẹ̀ mú nígbà tó bá ń wá ìbò.