Ìrora Àyà: Ti Ọkàn àti Èyí Tí Kì í Ṣe Ti Ọkàn

Ọkàn nìkan kọ́ ló wà nínú àyà. Ẹ̀dọ̀fóró wà níbẹ̀, ọ̀nà oúnjẹ gba ibẹ̀ kọjá, egungun ìhà sì yí gbogbo wọn ká. Èyíkéyìí nínú wọn ló lè dunni.

Ìkọlù ọkàn ni pé kí ẹ̀jẹ̀ dídì dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀, kí ẹran ọkàn sì bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ẹni tó ń ṣe kì í sábà sọ pé ó ń gún òun. Á ní ó ń fún òun, ó wúwo bí ìgbà tí wọ́n gbé odó lé òun láyà. Kì í sábà lè fi ìka kan tọ́ka sí i: ìkúùkù ló máa ń dì mọ́ àárín àyà. Orúkọ Samuel Levine, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ń pe àmì yìí. Ìrora náà lè ràn dé apá, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn, kí òógùn tútù bò ó, kí èébì máa gbé e, kí mímí sì nira. Irú ìrora ọkàn mìíràn tún wà tí William Heberden ṣàpèjúwe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1768: ó ń mú ènìyàn bó bá ń rìn, ó sì ń lọ bó bá dúró. Ti ìkọlù ọkàn kì í gbọ́ ìsinmi.

Èyí tó ń gúnni nígbà tí a bá mí kanlẹ̀ tàbí tí a bá húkọ́ sábà jẹ́ ti awọ ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó dùn sí i bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ sábà jẹ́ ti egungun ìhà. Omi kíkan inú tó ń ru sókè ló máa ń ta ènìyàn láyà lẹ́yìn oúnjẹ, pàápàá bó bá dùbúlẹ̀.

Ọgbẹ́ inú ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ka gbogbo rẹ̀ sí, wọ́n á sì ra oògùn funfun tó ń pa omi kíkan inú mu. Pé ó fúyẹ́ lẹ́yìn oògùn yẹn kò fi hàn pé kì í ṣe ọkàn. Àwọn obìnrin, àgbàlagbà àti alátọ̀gbẹ tilẹ̀ lè ní ìkọlù ọkàn láìsí ìrora àyà gidi. Àárẹ̀ òjijì tàbí inú rírú lásán ni wọ́n á rí. Kí a má sì rò pé ohun tí kì í ṣe ti ọkàn kò léwu: ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró ń pani.

Nílé ìwòsàn, ẹ̀rọ ECG, tó ń ya àwòrán iná mànàmáná inú ọkàn, ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ àkọ́kọ́ lè dára nígbà tí ìkọlù ń lọ lọ́wọ́. Nítorí náà ni wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún troponin, èròjà tí ẹran ọkàn tó fara pa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì sábà ń tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó jẹ́ kí aláìsàn lọ sílé.